Irin Kò Kọ̀, Èmi Ni Mo Bà Á Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò ní dárúkọ ara mi. Àwọn ará Ìkọ̀lé yóò mọ̀ mí kí wọ́n tó kà á dé ìdajì, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba. Mo ti sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, kò gbà mí gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Awakọ̀ ni mí nígbà náà. Mo ń wa jíìpù ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìkọ̀lé. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà rẹ̀. Bí mo bá tì í síwájú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa fa ọkọ̀. Bí mo bá fà á sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ẹsẹ̀ méjì là ń pè é. Ẹsẹ̀ mẹ́rin wà fún ẹrẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti le, kí o yáa dá a padà sí ẹsẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn irin ìsàlẹ̀ yóò máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi kán. Ọ̀gá tó kọ́ mi sọ ọ́ títí ó fi sú u.

Ṣùgbọ́n èmi! Kò-dúró ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á máa kígbe, "Kò-dúró! Kò-dúró!" Orí mi á wú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, jíìpù yẹn gbọ́dọ̀ dúró kí n tó lè ti ọ̀pá. Bí mo bá dúró létí odò, àwọn awakọ̀ lọ́rí á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ̀rù ti ba Kò-dúró. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, mo fi í sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, n kò sì dá a padà mọ́. Orí ọ̀dà, orí òkúta, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Sítiárìn wúwo lọ́wọ́ mi bí ẹni ń fa màlúù tí kò fẹ́ lọ. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan, lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, nǹkan dún gbàà lábẹ́ ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni sítiárìn ti fúyẹ́. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀: inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irin iwájú ti kán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọn ì bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Òjò kò tíì dá nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá láti Ìtapàjí. Mojísọ́lá, ìyàwó Ògúnlékè, ń rọbí, ọmọ kọ̀ kò wá. Ilé alágbẹ̀dẹ ni ilé ọkọ rẹ̀, ilé Ògún. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í wọ ọkọ̀ kí wọ́n má kọ́kọ́ ta epo sí táyà, kí wọ́n fi ẹ̀sun iṣu bẹ Ògún. Ṣùgbọ́n Ògúnlékè ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi ni. Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé epo jáde, ó ní rárá, Ọlọ́run tó dá irin ló ń ṣọ́ òun. Mo fọn fèrè, a lọ.

A kò tíì jìnnà tí a fi rì sínú ẹrẹ̀ létí odò. Ọ̀pá wà níwájú níbi tí mo fi í sí. Táyà ẹ̀yìn ń yí, ti iwájú dúró gbọnin. Mojísọ́lá ń ké, "Yèyé mi o!" Bàbá ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọkùnrin ilé sáré dé láti tì wá. Bàbá bi mí pé kí ló ṣe ọkọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí. Mo ní, "Bàbá, irin kọ̀ ni. N kò rí irú rẹ̀ rí."

Gbogbo wọn rántí epo tí a kò ta. Bàbá kò bá ọmọ rẹ̀ wí, ó kàn wò ó. Wọ́n gbé Mojísọ́lá lé èjìká, a forí lé Ìkọ̀lé. Ó kú kí a tó dé, tòun ti ọmọ inú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ògúnlékè ti gbà pé agídí òun ló pa ìyàwó òun. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lọ́dọọdún ló ń pa ajá fún Ògún, tí yóò máa bẹ̀bẹ̀, tí yóò sì fi itan rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, pé èmi ni mo bá òun sunkún létí odò. Mo ń gbà á. Mo ń jẹ ẹ́. Kí ni n bá wí?

Bàbá rẹ̀ ti kú báyìí, òun ni olórí ilé. Ó ti búra pé ẹnikẹ́ni láti ilé òun kò ní wọ ọkọ̀ mọ́ láéláé. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n tètè fi ọkọ̀ gbé e wá sí Ìkọ̀lé, kó má dúró dìgbà tí yóò máa rọbí. Ògúnlékè ní kò síbi tó ń lọ.

Ìyẹn ló lé mi lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ ti ọ̀pá, mo sọ ti irin tó kán, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbé mi dìde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àánú mi ló ń ṣe ọ́. Má parọ́ mọ́ ara rẹ nítorí mi."

Mo mú àdá, mo fẹnu kàn án, mo fi Ògún búra. Ẹ̀rù bà á. Ó já a gbà lọ́wọ́ mi, ó ń bẹ Ògún pé kó má ka ọ̀rọ̀ mi sí, ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi bá irọ́ mi, irọ́ náà sì nà án lálùbolẹ̀.

Oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè yí ọkàn Ògúnlékè padà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí ọ̀nà ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba Ìtapàjí, ẹ béèrè Ògúnlékè alágbẹ̀dẹ. Ẹ ka èyí sí i létí. Ẹ bá mi sọ fún un pé Ògún kò bá a jà rí, èmi Kò-dúró ni.