Ìbọ̀wọ́ Àtè Ló Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, kí gbogbo yín jókòó. Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá wò mí. Dókítà ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi láàárọ̀ yìí, èmi náà gbọ́dọ̀ sọ tèmi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á bá a. Àtè, ọ̀rẹ́ mi, fi ọsàn tí ò ń bó fún mi yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ẹ ṣáà rántí ìrìn àjò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa rán wa lọ sókè òkun. Àtè ni aṣọ́lé wa, bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn lẹ ṣe ń pè é ní Àtè. Èmi ni igbákejì rẹ̀, ẹ̀yin aláwàdà sì sọ mí ní Bẹ́ǹṣì, torí orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń jókòó sí. Mò ń bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí dé eegun.

Nígbà tó ku ọ̀la kí á figagbága, kóòṣì ní ká lọ wòran. Bọ́ọ̀sì gbé wa gun òkè kan, a sọ̀ kalẹ̀. Háà! Ta ló rí irú ẹ̀ rí nínú wa? Yìnyín funfun lọ rere títí ojú fi rẹ̀. Ìkùukùu wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń fò là ń wò láti òkè! Ẹni tó lẹ́nu jù nínú yín ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní, "Ọlọ́run, ìwọ lo ṣe èyí?" Ẹnu yẹn kan náà ni mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Òtútù ń mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Àtè bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Gbà á, Bẹ́ǹṣì, kí eyín ẹ má lọ bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn àpáta yẹn, mò ń bọ̀."

Ẹ mọ bí kóòṣì ṣe ń kà wá, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni yóò dúró sí, á máa pe nọ́ńbà jẹ́sì, oníkálukú á dáhùn, "Mo wà!" Nílé, bí Àtè bá sùn gbàgbé, èmi ni mo máa ń fi ohùn rẹ̀ dáhùn. Ìyẹn, nítorí ọ̀rẹ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn, a padà wọ bọ́ọ̀sì, kóòṣì pe nọ́ńbà kìíní, ti Àtè. Mo yọjú lójú fèrèsé, mi ò rí Àtè. Mo ro ti ìdíje ọ̀la. Ìkà ni mí, ẹ gbọ́! Mo fi ohùn Àtè dáhùn, "Mo wà!" Bọ́ọ̀sì gbéra.

Ní gbogbo kọ́nà tí a yà, mo lè pariwo. N kò pariwo. Mo ní wọn á kàn fìyà jẹ ẹ́ pé ó pẹ́, èmi á sì gbá bọ́ọ̀lù. Nídìí oúnjẹ ni kóòṣì ti rí àwo kan tí kò lólúwa. "Ta ló dáhùn fún un?" Èmi aláìnítìjú ni mo kọ́kọ́ fò dìde: "Ẹ jẹ́ ká padà!" Èmi náà ni mo kọ́kọ́ rí i, ọwọ́ rẹ̀ ti le gbagidi. Ìka mẹ́ta tí òtútù pa ni wọ́n gé lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ kóòṣì. Èmi lẹ gbé sí èjìká, pé mo gba ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi là.

Ẹ rántí ohun tó sọ lọ́sibítù? Ó ní, "Ẹ ò rí i. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, gbogbo yìnyín yẹn pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mo gbàgbé pé mo lọ́wọ́." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọlọ́run ló ní kí o wá mi rí." Ó fi orúkọ mi sọ àkọ́bí rẹ̀. Títí dòní, mi ò lè pe ọmọ yẹn kí ojú má tì mí.

Àtè, ìbọ̀wọ́ rẹ wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Òun ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dáhùn. Mo bẹ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi, forí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, máa lọ, mi ò ní pè ọ́ padà. Ẹ̀yin, ẹ sọ fáwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má fi ohùn ẹlòmíì wá ipò.

Kí lò ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Àtè? Yéè, ìbọ̀wọ́ yẹn, má wọ̀ ọ́. Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn, ìka ìbọ̀wọ́ mẹ́ta ń mì dirodiro, kò sóhun tó wà nínú wọn. Ó sì ń fi ọwọ́ yẹn bó ọsàn mi lọ.