Ọjọ́ tí Ẹ̀yìn Mi Há Sídìí Ilá

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, tí egungun mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu... ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa! Ṣé ẹ rò pé bí ẹ ṣe bá mi yìí ni wọ́n ṣe bí mi ni? Ní Kambolé, ìlú wa, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn... ẹ mọ òórùn yẹn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo Sokodé yín yìí. Òjò á rọ̀, omi á ṣàn lọ sójú títì, ó parí.

Ní tiwa, àwọn ọkùnrin á gba oko iṣu lọ. Àwa obìnrin, ẹ̀yìnkùlé ni tiwa. Ilá, tẹ̀tẹ̀, ata, ìgbá. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Obìnrin kúkúrú kan báyìí, ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ. Ọdún tí mo wọlé ọkọ, ó gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ nìyẹn nísàlẹ̀. Kò ní gòkè wá bá ọ."

Mo bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ní kí n nàró díẹ̀, kí n mí, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ata: "Ìyàwó! Ṣé koríko wà lójú ọ̀run ni?"

Ẹ gbọ́, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á máa ta mí bí ẹni pé agbọ́n ló kó síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi á dojú bolẹ̀ lórí ẹní, èmi náà á dojú bolẹ̀. Àwọn ọmọ ilé á gun ẹ̀yìn wa, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kékeré tẹ̀ wá bí ẹni ń tẹ amọ̀. Á máa dùn wá, á sì máa dùn mọ́ wa. Dókítà wo ló fẹ́ ṣe jùyẹn lọ?

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ já ilá tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, mo jókòó, mo ń wò ó. Ìyá ọkọ mi ní, "Kí lò ń wò bí ẹni ń wo ọmọ tuntun?" Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo bí i." Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn la di ọ̀rẹ́. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sí ti ọdún yìí.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ìyá yín, Sàlámátù, ló mú mi wá síbí. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún un pé n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́, ló bá gbé ọkọ́ mi pamọ́. Ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, kò ju ẹní méjì lọ. Ó ní, "Màámi, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, a ó da sìmẹ́ńtì síbẹ̀. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó."

Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni? Kí n máa ka eṣinṣin?

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ọjọ́ kejì, Sàlámátù lọ síbi iṣẹ́, ní bùrò rẹ̀, ẹ̀yin náà lọ sílé ìwé. Mo tú irúgbìn ilá tí mo kó bọ̀ láti Kambolé. Ọkọ́ ò sí. Mo mú ṣíbí ńlá tí ẹ fi ń bu ìrẹsì... ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Mo fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà.

Mo gbẹ́ ihò kan, méjì, mẹ́ta... Nígbà tí mo gbẹ́ ìkeje tán, mo ní kí n nàró. Ẹ̀yìn mi ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, mo tẹ̀ síbẹ̀. N kò lè lọ sókè, n kò lè lọ sísàlẹ̀.

Ìgbà náà ni Ràfíátù ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ mọ Ràfíátù, ìyàwó Kótókólí tó wà nílé kejì. Ó wá yá ajọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ó bọ́ bàtà. Ó rọra jókòó.

Ẹ gbọ́ o! Ó rò pé ìrun ni mò ń kí, pé rúkúù ni mo bẹ̀rẹ̀ fún!

Èmi ń dúró dè é kó gbé mi. Òun ń dúró dè mí kí n parí. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pariwo. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ìyá yín sì ń bà mí. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ ní èdè Kótókólí: "Pádọ̀n, Màmá... rúkúù yín gùn o. Gábàsì tí a ń kọjú sí kọ́ ni ibẹ̀ yẹn. Ṣáláńgá lẹ kọjú sí."

Ẹ̀rín pa mí! Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ràfíátù, kì í ṣe ìrun. Ilá ni. Wá gbé mi dìde, kí o má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gbé mi wọlé. Ó yọ́ òrí, ó fi ra ẹ̀yìn mi títí tó fi rọ̀. Ó wá bi mí pé, "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń gbin ilá?" Odindi ìyàwó ilé, kò gbin nǹkan kan rí! A ṣe àdéhùn. Òun á máa bẹ̀rẹ̀, èmi á jókòó lórí àpótí máa pàṣẹ. Ó kù díẹ̀ kó kábàámọ̀. A na aṣọ sórí okùn níwájú ibẹ̀ kí Sàlámátù má bàa rí i. Ó tiẹ̀ ń yìn wá pé a mọ aṣọ fọ̀.

Nígbà tí ilá so, Ràfíátù se ọbẹ̀ kan, ó gbé e wá. Ìyá yín jẹ ẹ́, ó lá ìka. Ó ní, "Ràfíátù, níbo lo ti ra ilá yìí?" Ràfíátù wò mí. Mo wo àjà. Ìwọ Àbíbá yìí, ẹlẹ́nu bí agogo, lo wá ní, "Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni, Màmáǹ!"

Sàlámátù dìde. Ó jáde. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ti ń ro ibi tí mo máa kó aṣọ mi gbà padà sí Kambolé. Nígbà tó wọlé, ó mú ilá kan lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Màámi, ilá ilé wa ni."

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní, "Mo ti gbàgbé pé bó ṣe máa ń dùn nìyí." Ó jókòó, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó ní, "Ká fi ti sìmẹ́ńtì yẹn sílẹ̀ ná."

Sátidé tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ mú ọkọ́ jáde, ó ní òun fẹ́ gbin ata. Kò pẹ́ rárá tó fi di ìbàdí mú: "Yéè, Màámi, ẹ̀yìn mi!" Inú mi dùn débi pé mo ní láti fi ìborùn bo ẹnu.

Hm... Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Tòmátì inú agolo lẹ mọ̀, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, òjò á rọ̀, ẹ ó pè mí, n kò ní dáhùn. Ẹ má kàn jókòó máa sunkún lórí sìmẹ́ńtì. Ẹ jáde síta, ẹ gbin nǹkan.