Àmì Mẹ́ta Lára Hóódà Kẹfà

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ọdún mẹ́ta yìí náà ni: èmi ni mo fọ́ Fáṣínà alágbẹ̀dẹ lójú. Ẹ̀yin ará àsàlátù wa, ẹ ti ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ìwà ọmọlúàbí ni kò jẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kò yẹ kó tún di irọ́ mọ́ ẹrù. Kafilat, ọmọ àbúrò mi, ni yóò ka ìwé yìí fún yín. Bí ohùn rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ ní sùúrù fún un, ó nídìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní fisíìsì. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo kan ẹ̀rọ kan sí ẹ̀yìnkùlé mi tó ń gbẹ́ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Irin ẹnu rẹ̀ ni à ń pè ní bíìtì: èyí tó nípọn ló fi ń gé igi, èyí tó tín-ín-rín ló fi ń fín ọnà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bíìtì. Àwọn tó ní irú ẹ̀rọ yìí, tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ tiwọn. Ọwọ́ kẹ̀? Èmi Badrudeen? Mo to irin mẹ́fà tó ń di ìdí bíìtì mú, tí à ń pè ní hóódà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀rọ yóò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò gbé ọ̀kan sílẹ̀, yóò mú òmíràn. Ẹ sọ mí ní Ẹnjinníà. N kò ní kí ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀.

Fáṣínà ará Olúpọ̀nnà ló ṣe márùn-ún nínú hóódà náà. Alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ilé wọn jáde, ìbáà ṣe ọkọ́, ìbáà ṣe àdá, àmì mẹ́ta ni wọ́n ń fi sí i. Ìkẹfà, èmi ni mo ṣe é fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé alágbẹ̀dẹ ló bá Ẹnjinníà parí iṣẹ́.

Súwíìṣì kékeré kan wà lórí ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá hóódà ti jókòó dáadáa. Bí kò bá jókòó, ẹ̀rọ kò ní yí. Nígbàkígbà tó bá ti kan ìkẹfà, súwíìṣì á ní kò tíì jókòó.

Kafilat ní, "Bàbá, ìkẹfà nìkan ló ń kọ̀. Súwíìṣì yìí ò purọ́ o."

Mo ní, "Ẹ̀rọ kì í gbọ́n ju ẹni tó bí i lọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọn hóódà yẹn ná."

Wíwọ̀n kẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀la ni ẹ̀ ń bọ̀ wá wòran! Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ìlà kan ṣoṣo: kí ẹ̀rọ má bi súwíìṣì léèrè mọ́.

Ẹ pé jọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ pààrọ̀ bíìtì lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kígbe "Allahu Akbar!" Ìyá Hàbíbátù bi mí pé, "Ẹnjinníà, ṣé ó lè bá wa fọ abọ́ náà?" Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ni gbogbo yín ń wò. Fáṣínà nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wo iṣẹ́. Ó kan ìkẹfà. Ẹ̀rọ mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí, ó sì jù ú síta. Fáṣínà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹun.

Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ Abdullateef. Mo ní kí ẹ máa lọ, pé mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn ni. Mo tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo wà. Mo pa ìlà tí mo kọ rẹ́. Lẹ́yìn náà mo rá lọ sábẹ́ tábìlì, mo mú hóódà mi jáde, mo fi ayùn tí a fi ń gé irin gé àmì mẹ́ta sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ṣì tutù nílẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá, èmi tí n kò lè di ife omi mú mọ́ lónìí.

Ní ọsibítù, mo fi irin náà hàn yín: "Ẹ wo àmì ilé wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣe é." Mo fa Kafilat sí kọ̀rọ̀, mo ní bó bá sọ̀rọ̀, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Ó dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi ni ìdákẹ́ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ojú ọ̀tún ti lọ. Mo gbé hóódà náà lé Fáṣínà lọ́wọ́ níṣojú gbogbo yín. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àwọn àmì náà lọ, ó tún tẹ̀ wọ́n bọ̀. Ó ní, "Ẹ tọ́jú rẹ̀, Tíṣà. Ẹ má jù ú nù."

Mo ní, "Fáṣínà, mo ti dárí jì ọ́." Èmi! Èmi ni mo dárí jì í! Ẹ ṣe àmín, ẹ ní mo lójú àánú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbẹ̀ ìlú wa Kuta yìí kò ti gbé ọkọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní irin rẹ̀ ti ń fò. Iná àgbẹ̀dẹ kú. Nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, òun náà tẹ̀ lé e.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọkọ́ yín padà lọ sí àgbẹ̀dẹ náà, àbúrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń kan ẹ̀rọ, bí ohun tí ẹ ṣe bá sọ fún yín pé rárá, ẹ má di í lẹ́nu. Kí Ọlọ́run forí jì mí, bí ẹ̀yin kò tilẹ̀ lè ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Àdùkẹ́, opó Fáṣínà. Mo rò pé àṣírí ńlá ni mo fẹ́ tú fún un. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo fi hóódà náà lé e lọ́wọ́, n kò tíì la ẹnu. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi sọ pé ẹ ó mú un wá fúnra yín."

Ilé Fáṣínà kì í fi ayùn gé àmì. Ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù ni wọ́n fi ń lù ú.