Ẹni Tí Wọ́n Rán Lọ Dúró fún Ọ̀gá Rẹ̀ Lọ́run Àpáàdì

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kì í ṣe aríran. Lọ́yà ni mí, iṣẹ́ wa kì í sì í jẹ́ kéèyàn tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo wà ní ọ́fíìsì, nítorí ọ̀gá wa, tí gbogbo yín mọ̀ sí alàgbà nínú ìjọ yìí, kì í fún wa nísinmi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fọwọ́ kàn án lọ́kàn kó san owó oṣù wa. Orí àdúrà náà ni oorun ti gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ló fọwọ́ tọ́ mi. Ó ní, "Dìde, mo fẹ́ fi ibì kan hàn ọ́."

Mo ní, "Ta ló rán yín, sà?"

Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń tẹ̀ lé e.

A kọ́kọ́ dé ibi ìsinmi. Mo rí Fúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí mọ́tò pa nígbà tí wọ́n rán an lọ sí kóòtù ìlú mìíràn ní kùtùkùtù. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń jẹun, kò sí ọ̀gá tó ń pè é níṣẹ́. Inú mi dùn débi tí mo sunkún. Mo fẹ́ jókòó tì í, amọ̀nà mi ní, "Kò tíì kàn ọ́." Ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí.

Lẹ́yìn náà la wọ kóòtù kan tí iná ń jó nílẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà lọ́yà dúró, wíìgì ń jó lórí wọn, wọn ò lè ṣí i.

Amọ̀nà ní, "Àwọn tó lo ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ti tó owó oṣù fún un."

Ohùn kan pe orúkọ ọ̀gá mi. Mo gbọ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Olúwa mi, ara mi ò yá. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi á dúró fún mi."

Ẹ mọ̀ pé bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá á rán ọmọọṣẹ́ síwájú adájọ́, èébú tó bá wà níbẹ̀, ọmọọṣẹ́ ni yóò gbà á. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.

Amọ̀nà mi bá gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń tì mí, ó ní, "Lọ dúró, wàá rí ẹ̀kọ́ kọ́," ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá mi gan-an nìyẹn, mo wá mọ ẹni tó rán an, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi ò gbéra, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ fún adájọ́, iná ti ń jó etí bàtà mi, ẹnu mi ti là láti sọ pé èmi ni mo wá dúró fún un, mo bá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu náà, mo tún ṣí i, mo ní, "Olúwa mi, mi ò wá fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pè é fúnra rẹ̀."

Ìgbà náà ni mo jí. Ọ̀gá mi ló dúró tì mí. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tó o fi ń làágùn báyìí? Lọ́jọ́ Ajé, bá mi dúró ní kóòtù. Inú adájọ́ yẹn ò dùn sí mi."

Mo ní, "Ẹ máa lọ fúnra yín, sà."

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà.

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń ṣe lọ́yà, ẹ yé sọ fún un pé kó ṣáà ní sùúrù. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń dúró fún. Ọ̀gá, mo rí yín níwájú níbẹ̀ yẹn, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe orúkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mi.