Gbólóhùn Tí Àpótí Wa Gé

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wa, mo júbà. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tẹ́ ẹ lọ jókòó síbi tí fáànù ti ń fẹ́ dáadáa, ẹ kú ìjókòó. Ìyàwó mi, ìwọ tó fara da ọkọ tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ, mo rí ọ o. Ẹ̀yin èèyàn mi gbogbo, ẹ káàbọ̀.

Ẹ ti yìn mí débi tí mo fi ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì lẹ ń bá wí. Mo dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí ìyìn náà wọ̀ mí lára.

Ẹ mọ ìkànnì wa, níbi táwọn èèyàn ń kó fọ́tò àti ohùn àwọn ẹni wọn pa mọ́ sí. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló bá a ṣí àyè tirẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọ náà tó kú. Gbólóhùn tí ọmọ náà máa ń sọ lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ni ìyá fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù: "Màmá, ẹ má tíì jẹun, mò ń bọ̀." Ohun tí a ò sọ fún un ni pé lẹ́tà mẹ́wàá péré ni àpótí wa, ibi tí wọ́n ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù sí, ń gbà. "Màmá, ẹ má tíì" ló gbà. Ó da ìyókù nù. Ìgbàkígbà tí ìyá bá tẹ odindi rẹ̀, àpótí á tún gé e bákan náà, ilẹ̀kùn á sì ṣí.

Nígbà tó yá, a fẹ àpótí náà kó lè gba gbólóhùn gígùn. Iṣẹ́ rere ni, àbí? A tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fúnra wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, odindi gbólóhùn ni ìkànnì ń kà, kò sì bá ègé tó wà nípamọ́ mu mọ́. Ìyá tẹ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, ìkànnì ní kì í ṣe òun. Ó pè wá, a ní ó ti gbàgbé. A fẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù òmíràn ránṣẹ́ sí i, àdírẹ́sì í-meèlì ọmọ tó ti kú ló wà lọ́wọ́ wa.

Alágídí, ìwọ tó ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà wa, dìde kí wọ́n rí ọ! Òun nìkan ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Ọ̀gá, obìnrin yìí ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ lọ wo iṣẹ́ yín." Mo wò ó. Òótọ́ ló sọ.

Mo pe ìyá fúnra mi. "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 'ẹ má tíì', kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀." Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, mo sì gbọ́ ẹ̀rín ọmọbìnrin rẹ̀ nínú ohùn tó wà nípamọ́ níbẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí.

"Ṣé mi ò gbàgbé nígbà náà?"

"Ẹ ò gbàgbé, Màmá. Àwa la gé e."

"Mo ti sọ fún ọmọkùnrin mi pé orí mi ò pé mọ́. A ti ta ilé mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà báyìí, wọn ò jẹ́ kí n dá jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ̀ bá sọ? Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, kí n ṣáà jẹ́ kí òun gbọ́ ọmọ òun. Ó sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gba tábìlì mi, bí ẹnì kan bá pè tó ní òun ò gbàgbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Àdúrà mi fún yín rèé: ohun tẹ́ ẹ mọ̀ dájú, ẹnikẹ́ni ò ní mú kẹ́ ẹ ṣiyèméjì lórí rẹ̀. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dàgbà gan-an, ẹ ó sì máa dá ohùn àwọn ọmọ yín mọ̀ láìsí ẹni tó máa bi yín pé ṣé ó dá yín lójú. Ẹ ṣé o.