Omi Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Fẹ́rẹ́

Ẹ ní kí n wá sọ bí mo ṣe ya àwòrán ńlá tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi yìí. Màá sọ ọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń sọ ọ́ kiri, mo ti sọ ọ́ lórí rédíò, mo ti sọ ọ́ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, irọ́ gbuu ni mo sì ń pa ní gbogbo ìgbà. Òótọ́ ni màá sọ lónìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Máníjà, ẹ má dìde. Ẹ padà jókòó. Ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ níwájú, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn yín. Olùkọ́ ijó, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ara yín gbé ẹ̀bùn yìí lé mi lọ́wọ́. Òun ni mo gbé kalẹ̀ sórí tábìlì yín yìí, mi ò ní gbé e lọ sílé. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí yín, ó sì ń bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ọmọbìnrin tó wà nínú àwòrán náà. Olùkọ́ ló sọ ọ́ ní Fẹ́rẹ́ nígbà tó ṣì kéré, torí pé tó bá fò tó sì balẹ̀, èèyàn ò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fọ aṣọ tó sì ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Aṣọ ijó yín pàápàá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ń kó o lọ. Láti ọmọ ọdún méje ni Fẹ́rẹ́ ti ń gbé aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ wá síbí, táá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, táá máa wo àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń jó, títí ọjọ́ tí Olùkọ́ fi fà á lọ́wọ́ wọlé. Nígbà tó di ọmọge, ẹgbẹ́ oníjó yìí gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ gidi ni o, kì í ṣe eré àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òun ni wọ́n ní kó ṣíwájú nínú ijó tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé jáde. Ohun tó kù ò ju fótò rẹ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri kiri ìgboro. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá yà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹni tó bá dúró níwájú kámẹ́rà, ara rẹ̀ máa ń gan, àfi kí n máa bá a tàkúrọ̀sọ títí táá fi tújú ká. Màá bi í nípa ilé, nípa ìgbà èwe rẹ̀, nípa ohun tó fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀ rí. Téèyàn bá ti ń sọ àṣírí kékeré báyẹn, ẹ̀rín á yọ sí i lójú, ìgbà yẹn ni màá tẹ bọ́tìnnì. Mi ò ka àṣírí náà sí nǹkan kan, ojú yẹn ni mo ń wá. Ohun mìíràn tí mo tún gbójú lé ni omi. Tẹ́ ẹ bá da omi díẹ̀ sórí ilẹ̀ onípákó dúdú bí irú èyí, iná á máa dán nínú rẹ̀, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á wá dà bíi pé orí dígí ló dúró sí. Ó máa ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sójú kan là ń da omi fún. A kì í da omi fún ẹni tó ń fò. Kò sí ayàwòrán tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, èmi ni mo tiẹ̀ fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń wí, èmi àti Fẹ́rẹ́ nìkan la wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Máníjà wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Aṣọ funfun kan tí ìyá rẹ̀ lọ̀ dáadáa ni ọmọ náà wọ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré, òun gun orí tábìlì tí ìyá òun fi ń lọ aṣọ, òun já bọ́, ọrùn ẹsẹ̀ òun sì rọ́. Kí ìyá òun má bàa ní kóun má lọ síbi ijó mọ́, ṣe lòun ń rìn níwájú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ó di ẹ̀yìn ilé kóun tó sunkún. Ó ní ó jinná, kò sì dun òun mọ́ látìgbà náà. Ó ń sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú. Ó ní kí n má sọ fún màmá òun o. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì.

Lẹ́yìn náà ni mo fi bákẹ́ẹ̀tì da omi sílẹ̀, ó dúró lórí rẹ̀ láìwọ bàtà, mo yà á. Àwọn fótò yẹn dára. Èyíkéyìí nínú wọn ló tó lẹ̀ kiri ìgboro, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, Fẹ́rẹ́ ì bá sì máa jó lónìí. Ṣùgbọ́n olójúkòkòrò ni mí. Mo wo inú kámẹ́rà, orí mi wú, mo ní ó ku ẹyọ kan. Mo fẹ́ kó wà lókè kí òjìji rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ nínú omi. Mo ní kó fò. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ yìí ṣì tutù." Ó rí i o. Ọmọ náà rí i, ó sì sọ ọ́. Mo fa mọ́ọ̀pù, mo nu ibi tó ti máa gbéra, mo sì fi ibi tó máa balẹ̀ sí sílẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó máa dán. Mo wá ní, "Mo ti nù ún." Ẹ gbọ́ bó ṣe dá mi lóhùn: "Tẹ́ ẹ bá ti nù ún, ó ti tán." Iná mi ń tàn sí i lójú, kò lè ríran dáadáa mọ́, kò sì bẹ̀rẹ̀ kó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n ló pè mí, ó gbà mí gbọ́, ó sì fò. Ìgbà tó balẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Fẹ́rẹ́ láyé mi. Ó ṣubú gbì, ó fi orúnkún gbá ilẹ̀.

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Ẹ rò pé mo sáré gbé e? Mọ́ọ̀pù ni mo kọ́kọ́ gbé. Ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀, ó di orúnkún mú, ó dijú pa, ó ń sunkún, èmi ń nu ilẹ̀. Máníjà gbọ́ igbe, ó sáré wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń nù ún. Ó wo ilẹ̀, ó wo mọ́ọ̀pù, ó wo èmi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi ní, "Gbé bákẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò kí àwọn yòókù tó dé." Ẹ ní mi ò gbọ́ dáadáa, Máníjà? Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Gbọ̀ngàn yín ni, ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yín ló ṣe é lẹ́ṣe. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni. Ọ̀rọ̀ wa wọ̀ nígbà náà.

Síbẹ̀, èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí Fẹ́rẹ́ lè jókòó, ẹ pe gbogbo wa sínú ọ́fíìsì, títí kan ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ní omi ló wà nílẹ̀. Olùkọ́ ní òun dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun fọwọ́ pa ilẹ̀, ó gbẹ. Gbogbo yín wá kọjú sí mi. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹnu mi ni mo là, tí mo ní, "Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ń fi pamọ́ fún yín ni." Ẹ wo irú ẹ̀dá tí mo jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹ̀rín sọ kí n lè rí fótò yà, òun ni mo yí padà tí mo fi ba tiẹ̀ jẹ́. Ẹ bi í bóyá lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ rí. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ èyí tó kù. Ẹ ní oníjó tó bá fi ìpalára pamọ́ ò lè bá yín ṣiṣẹ́, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, irọ́ lò ń pa fún mi?" Láti kékeré lẹ ti mọ ọmọ yìí, kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó ní ó yẹ ká tún un yẹ̀ wò.

 Orúnkún náà jinná, dókítà ní ó lè jó, ṣùgbọ́n kò jó mọ́. Àwòrán tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bùn káàkiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n bá mi lọ̀ ọ́ fún ayẹyẹ òní. Ojú ò tì mí. Fẹ́rẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó wá ní kí n bá òun bẹ Olùkọ́, kí n sọ pé òun ò ní parọ́ mọ́. Ó ní bóyá ẹsẹ̀ òun náà ni lóòótọ́, bóyá òun kàn rò pé òun rí omi ni. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí omi dórí bákẹ́ẹ̀tì.  Ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ títí èéfín fi ń rú. Ó wá béèrè pé, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ òun ló jẹ̀bi? Mo ní kì í ṣe òun. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi." Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà wá. Àpá áyọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn mi, ẹ ti ń wò ó látàárọ̀.

Ẹ wá wo àwòrán náà dáadáa. Ẹ wo bí òjìji rẹ̀ ṣe hàn nílẹ̀. Mo sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ni mo fi ṣe é, irọ́ ni, omi nìyẹn. Ẹ ní Fẹ́rẹ́ parọ́ pé omi wà nílẹ̀, ẹ sì gbé omi náà kọ́ ògiri, ẹ̀ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀ ń ní ilẹ̀ náà dán. Ẹ ní ó ń fò. Kò fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ó sì ti yọ̀, ó ń ṣubú ni. Ẹ ní ayọ̀ ló jẹ́ kó lanu bẹ́ẹ̀. Èmi ló ń pè. Ẹ̀gbọ́n ló ń wí, èmi sì ń tẹ bọ́tìnnì.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, bí wọn ò bá tiẹ̀ fún mi, wọn ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yà bá ní ilẹ̀ tutù, kò sí fótò tó ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Olùkọ́, Fẹ́rẹ́ ti dé. Ẹnu ọ̀nà tó máa ń dúró sí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje náà ló dúró sí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fà á lọ́wọ́ wọlé. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má gba tẹnu mi gbọ́ o, ẹ fọwọ́ yín kàn án kó tó wọlé.