Ògiri Tí Baba Mi Ń Pè Ní Ìrókò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkàn mi kò balẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, koríko ti gbẹ, ìgbàkígbà tí mo bá sì ti gbóòórùn èéfín ni mo ń sáré jáde lọ wo ibi tó ti ń bọ̀. Irọ́ kan ni mo pa fún baba mi. Mo rò pé yóò dá ẹ̀mí sí ni. Ní báyìí, ó ti fẹ́ di ohun tí yóò gba ẹ̀mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

N kò ní dárúkọ abúlé wa. Ilẹ̀ Kétu ni, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Èmi ń ta abọ́ tánńganran ní Kútọnu, àwọn òbí mi àti àbúrò mi ọkùnrin sì ń ṣe oko àgbàdo àti iṣu nílé. N ó pe àbúrò mi ní Kọ́lá. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Láti ayé àwọn baba ńlá wa, pákó ìrókò ni wọ́n fi ń bo iwájú ilé wa lórí ògiri amọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, baba mi á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó náà, á kí àwọn baba rẹ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyàwó tuntun tí a bá gbé wọlé, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, àwọn ọdẹ finá sígbó láti lé ọ̀yà jáde. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé iná náà wọ agbolé wa. Pákó tí baba mi ń kí ni iná kọ́kọ́ mú. Ìyá mi sáré wọlé lọ kó iṣu èèbù jáde, iná sì jó o lápá. Títí dòní, ọwọ́ náà kò ká dáadáa.

Nígbà tí a ń tún ilé kọ́, mo bẹ baba mi pé kó jẹ́ ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

“Sìmẹ́ńtì? Ibojì ni wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì kọ́. Ṣé o fẹ́ kí n wọ ibojì lójú ayé mi ni?”

Ó ní ìrókò lòun fẹ́, bí kò bá sì sí ìrókò, kí a fi ilé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wo apá ìyá mi bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Mo mú àjókù pákó wa kan dání lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ́lé ní Kútọnu. Ọkùnrin tó ni ìsọ̀ fi àwọn pákó kan hàn mí, sìmẹ́ńtì ni gbogbo wọn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè jọ igi. Ọ̀kan rí bí eérú, ojú lásán ti mọ̀ pé kì í ṣe igi. Ìkejì ní ìlà igi lára, ṣùgbọ́n ó pupa jù. Ẹ̀kẹta ló dá mi dúró. Ó ní ìlà, ó ní kókó igi pàápàá. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àjókù wa nínú oòrùn, mo tún gbé e síbi òjìji, mo tún fi èékánná họ ọ́.

“Ìyá, ẹ ti pẹ́ lórí èyí o,” ni ọkùnrin náà wí. “Ṣé ẹ fẹ́ gbé e níyàwó ni?”

Mo ní kó finá sí i. Ó ta epo òyìnbó sí àkísà, ó tan iná sí i lábẹ́. Pákó náà kàn dúdú díẹ̀ ni. Ó fi aṣọ nù ún, àwọ̀ igi sì padà. Mo sunkún nínú ìsọ̀ náà. Ohun tí mo ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ iná náà ló tú jáde.

Kí ó má bàa rùn bí sìmẹ́ńtì, mo gba ìyẹ̀fun pákó ìrókò lọ́wọ́ káfíńtà, mo pò ó mọ́ àdín, mo fi pa gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a kàn án mọ́ iwájú ilé tán, baba mi gbọ́wọ́ lé e. Ó kàn án kó-kó-kó.

“Ó tutù,” ló wí. “Igi wo nìyí?”

“Ìrókò ni, Baba. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi là á, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.”

Ó tún gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Lẹ́yìn náà ló kí àwọn baba rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún mi pé mo dá ojú ilé òun padà. Mo ṣe àmín.

Lọ́dún tó kọjá, iná tún wá. Ó jó ilé ìdáná, ó jó àká àgbàdo, ó dé iwájú ilé baba mi, ó sì kú síbẹ̀. Baba mi ní ìrókò àwọn baba òun ni kò jẹ́ kó wọlé. Àwọn èèyàn ń wá láti abúlé mìíràn wá fọwọ́ kan ògiri náà. Wọ́n pa ewúrẹ́ ìdúpẹ́, mo jẹ níbẹ̀. Wọ́n ń yìn mí, inú mi sì ń dùn. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo ń sọ, inú mi dùn.

Lọ́dún yìí ni Kọ́lá kọ́ ilé tirẹ̀. Ó gé ìrókò gidi, ó là á, ó fi bo ògiri nínú àti lóde, ó sì fi epo pa á títí ó fi ń dán. Koríko ni òrùlé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wà níbẹ̀, èyí tó kéré jù kò tíì máa rìn.

Èyí tó burú jù nìyí. Kí ọyẹ́ tó dé ni àwọn èèyàn wa máa ń ro àyíká agbolé títí yóò fi ku ilẹ̀ lásán, kí iná má bàa rí ohun jẹ débẹ̀. Lọ́dún yìí, Kọ́lá kò ro tirẹ̀. Ó ní ta ló ń dá ara rẹ̀ lágara nígbà tí ìrókò wà lára ilé.

Mo lọ sílé láti jẹ́wọ́. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ ni pé kí Kọ́lá ro àyíká ilé rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ra ìrókò Baba wá, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ̀rù iná?”

Baba mi náà rẹ́rìn-ín. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ògiri rẹ̀, ó ní, “Kí àwọn baba rẹ.” Mo kí wọn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, mo gbé e mì, mo sì wọkọ̀ padà sí Kútọnu.

Baba mi ti darúgbó. Bí mo bá sọ fún un, yóò mọ̀ pé ara ohun tó ń pè ní ibojì ló ti ń kí àwọn baba rẹ̀ láràárọ̀. Ó lè má pè mí lọ́mọ mọ́. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí Kọ́lá? Ṣé kí n mú àgbàlagbà kan dání? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àná ni èrò ọkọ̀ kan sọ fún mi pé igbó ti ń jó lápá Ìdígní, tí kò jìnnà sí abúlé wa. N kò lè jẹun láti ìgbà náà. Mo ti ń di ẹrù, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, mo lè tún débẹ̀ kí n tún gbé e mì.

Nítorí náà, mo yí ohun tí mo kọ lókè padà. Òpómẹ́ta ni abúlé wa. Àkànbí ni orúkọ àbúrò mi. Ilé rẹ̀ ni èyí tí pákó rẹ̀ ń dán, tí koríko gbígbẹ sì yí ká. Ẹ̀yin ará Òpómẹ́ta tí ìwé ìròyìn yìí bá kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè mí. Ẹ gbé ọkọ́, kí ẹ ro àyíká ilé náà. Bí baba mi bá bi yín léèrè ẹni tó rán yín, ẹ ní ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, èyí tó fi sìmẹ́ńtì bo ilé rẹ̀.